Iwájú Ilé, Àárín Ilé, Ẹ̀yìn Ilé: Níbo Ni Kí O Jókòó Sí Ní Iléeṣẹ́ Ìṣúná Ńlá?

Ẹni tó bá dúró lẹ́nu ọ̀nà iléeṣẹ́ ìṣúná ńlá láàárọ̀, tó ń wo àwọn òṣìṣẹ́ bí wọ́n ṣe ń wọlé, yóò rò pé irú ènìyàn kan náà ni gbogbo wọn. Káàdì ìdánimọ̀ wà lọ́rùn wọn, aṣọ wọn mọ́, bàtà wọn ń dún kokoko. Gbogbo alángbá ló danú délẹ̀, a ò mọ èyí tí inú ń run. Ọ̀kan nínú wọn ò sùn ju wákàtí márùn-ún lọ lálẹ́ àná, bẹ́ẹ̀ náà ni yóò rí lálẹ́ òní. Òmíràn yóò ti délé kí ilẹ̀ tó ṣú. Ẹnìkẹta ò rí iṣẹ́ gidi kan ṣe láti oṣù tó kọjá, ìpàdé ni ó ń ti inú rẹ̀ bọ́ sínú ìpàdé. Iléeṣẹ́ kan náà ló ń san owó oṣù fún àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Ìdí nìyí tí mi ò fi mọ èsì tí mo lè fún ẹni tó bá bi mí pé, "Ṣé ibi iṣẹ́ yẹn dára?" Òṣìṣẹ́ báǹkì JPMorgan Chase nìkan lé ní 300,000. Ìlú odindi nìyẹn. Ìlú sì ní àdúgbò tó tòrò, ó ní àdúgbò tí àwọn ará ibẹ̀ kì í fojú ba oorun. Iwájú ilé ni wọ́n ń pe ibi tí owó ti ń wọlé, àárín ilé ni ibi tí wọ́n ti ń ṣọ́ ewu, ẹ̀yìn ilé sì ni ibi tí wọ́n ti ń parí iṣẹ́ tí iwájú bá bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yìn ilé ni mo ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí, mo bọ́ sí àárín ilé lẹ́yìn ọdún mélòó kan. Ohun tí mo máa ń sọ fún àwọn àbúrò mi ni pé wọn ò ní máa bá orúkọ tó wà lára ilé jí lójoojúmọ́. Ẹ̀ka tí wọ́n bá fi wọ́n sí ni wọn yóò máa bá jí, àti ọ̀gá tó wà níbẹ̀. Nítorí náà, ibi ìjókòó ni mo fẹ́ fi wéra níbí.

Irú iléeṣẹ́, ní ṣókí

Irú iléeṣẹ́ ṣì já mọ́ nǹkan díẹ̀. Ara báǹkì kì í balẹ̀. Ìròyìn àárọ̀ lè da iṣẹ́ ọ̀sán rú pátápátá. Ní ti iléeṣẹ́ adójútòfò, ọ̀nà jíjìn ni ojú wọn máa ń wò, nítorí àdéhùn tí wọ́n bá oníbàárà ṣe lónìí lè di ogójì ọdún sí i kí wọ́n tó sanwó lórí rẹ̀. Ara wọn balẹ̀ ju ti báǹkì lọ, ìgbéga wọn náà sì máa ń falẹ̀. Àwọn actuary, ìyẹn àwọn onímọ̀ ìṣirò tó ń wọn ewu, ni wọ́n ń bọ̀wọ̀ fún jù níbẹ̀, ìdánwò wọn sì lè gba ọ̀pọ̀ ọdún kí ó tó parí. Àwọn iléeṣẹ́ tó ń bá ènìyàn tọ́jú owó ìdókòwò kì í sábà kó èrò jọ tó báǹkì. Ìwé kíkà àti àròjinlẹ̀ pọ̀ níbẹ̀, ẹni tó bá fẹ́ràn ìdákẹ́jẹ́ sì lè gbádùn ibẹ̀. Mi ò ní pẹ́ lórí èyí, nítorí kò sí ọ̀kan nínú wọn tí kò ní iwájú ilé, tí kò sì ní ẹ̀yìn ilé.

Iwájú ilé: níbi tí owó ti ń wọlé

Àwọn tó ń gba iléeṣẹ́ nímọ̀ràn nígbà tí ọ̀kan bá fẹ́ ra èkejì, àwọn tó ń ra ìpín ìdókòwò tí wọ́n sì ń tà á, àwọn tó ń bá oníbàárà pàdé lójúkojú, iwájú ilé ni wọ́n wà. Àwọn ni iléeṣẹ́ ń gbé gẹ̀gẹ̀. Àwọn náà ni iléeṣẹ́ ń fún bí ẹni fún aṣọ.

Ní oṣù kejì ọdún 2021, àwọn ọ̀dọ́ 13 tí wọ́n ṣì wà ní ọdún àkọ́kọ́ wọn ní báǹkì Goldman Sachs fọ̀rọ̀ wá ara wọn lẹ́nu wò, wọ́n sì gbé èsì rẹ̀ lọ bá àwọn ọ̀gá. Bí a bá pín in dọ́gba, wákàtí 95 ni wọ́n ń ṣiṣẹ́ lọ́sẹ̀. Ẹni tó bá ṣiṣẹ́ ní ọjọ́ méjèèje, tí kò sinmi ọjọ́ kan, yóò máa lo ju wákàtí 13 lọ lójúmọ́ kí iye yẹn tó pé. Ohun tí wọ́n sì bẹ̀bẹ̀ fún kì í ṣe wákàtí 40. Wọ́n ní kó ṣáà má kọjá 80. Ní ọdún 2024, JPMorgan náà fi 80 ṣe ààlà fún àwọn ọ̀dọ́ tó wà ní irú ẹ̀ka bẹ́ẹ̀. Ibi tí wákàtí 80 bá ti di àánú, ìwọ náà ti mọ irú ibẹ̀.

Ohun tí ẹni tí kò débẹ̀ kì í mọ̀ ni pé ìdúró ló pọ̀ nínú wákàtí wọ̀nyẹn. Ọ̀gá wà lọ́dọ̀ oníbàárà láti àárọ̀. Ìrọ̀lẹ́ ló máa ń ráyè wo ohun tí o ṣe, yóò kọ àtúnṣe sí i yíká, yóò sì fẹ́ bá a lórí tábìlì rẹ̀ bí ilẹ̀ bá mọ́. Ìgbà tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ ní ẹ̀ka mìíràn ń múra ilé ni iṣẹ́ tìrẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀. Bí o bá jẹ́ ẹni tí inú rẹ̀ máa ń bàjẹ́ tí wọ́n bá fi àkókò rẹ̀ ṣeré, owó ò ní mú ìbínú yẹn tán.

Mi ò ní tàn ọ́ jẹ, ẹ̀kọ́ wà níbẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún lè jókòó sínú yàrá tí wọ́n ti ń pinnu bóyá kí iléeṣẹ́ kan ra òmíràn, òun ló sì ṣe ìṣirò tí gbogbo wọn ń wò. Ẹni tó bá fara da ọdún méjì níbẹ̀, kò ní ṣòro fún un láti rí iṣẹ́ síbòmíràn.

Iwájú ilé náà pín sí oríṣiríṣi o. Àwọn tó ń ra tí wọ́n ń tà lójú ọjà máa ń dé kùtùkùtù, ooru ọjọ́ náà sì máa ń mú wọn gan-an, ṣùgbọ́n bí ọjà bá ti tì, iṣẹ́ wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Ọjọ́ Sátidé jẹ́ tiwọn. Àwọn agbaninímọ̀ràn kò ní ọjà tí yóò tì fún wọn.

Àwọn kan tún wà tí ènìyàn kì í kà mọ́ iwájú ilé, bẹ́ẹ̀ iwájú ni wọ́n wà: àwọn òṣìṣẹ́ ẹ̀ka báǹkì tó sún mọ́ ará ìlú. Ìyà tiwọn kì í ṣe wákàtí, iye tí wọ́n ní kí wọ́n tà ni. Ní ọdún 2016, àwọn aláṣẹ ní Amẹ́ríkà bu owó ìtanràn 185 mílíọ̀nù dọ́là lé Wells Fargo lórí, nítorí pé àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ ti ṣí àkáǹtì tó tó mílíọ̀nù méjì tí ó ṣeé ṣe kí àwọn oníbàárà má mọ̀ nípa rẹ̀. Nǹkan bí 5,300 òṣìṣẹ́ ni báǹkì náà ti lé lórí ọ̀rọ̀ yìí láàárín ọdún bíi márùn-ún. Àwọn tó ń jókòó sídìí káńtà ló pọ̀ nínú wọn. Iye tí wọ́n gbọ́dọ̀ tà, láti òkè ni wọ́n ti gbé e sọ̀ kalẹ̀. Bí wọ́n bá ní kí o wá ṣiṣẹ́ ní irú ẹ̀ka yìí, má béèrè owó oṣù kí o tó béèrè iye tí wọ́n fẹ́ kí o tà lọ́sẹ̀, àti ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí ẹni tí kò bá tà á.

Ẹ̀yìn ilé: níbi tí aago ti jẹ́ ọ̀gá

Bí ẹnìkan bá ta ìpín, ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni títí ẹlòmíràn yóò fi rí i pé ìpín kúrò lọ́wọ́ ẹni tó tà á, tí owó sì dé ọwọ́ rẹ̀. Iṣẹ́ ẹ̀yìn ilé nìyẹn. Ní Amẹ́ríkà, láti ọjọ́ 28 oṣù karùn-ún ọdún 2024, ọjọ́ iṣẹ́ kan péré ni wọ́n fún wọn láti parí rẹ̀ lórí ìpín. Méjì ni tẹ́lẹ̀. Gbogbo ayé ìdókòwò ló yọ̀ sí i pé nǹkan ti yá. Àwọn ará ẹ̀yìn ilé nìkan ló mọ ohun tí ọjọ́ kan tí wọ́n yọ yẹn gbà lọ́wọ́ wọn.

Ohun tó dára níbẹ̀ ni pé ọjọ́ ní orí, ó ní ìdí. O mọ ìgbà tí iye tó wà lápá ọ̀tún gbọ́dọ̀ bá ti apá òsì dọ́gba, bí ó bá sì ti dọ́gba, ó tán. Òpin oṣù àti òpin ọdún nìkan ni ilẹ̀ máa ń ṣú bá ènìyàn níbẹ̀. Mo ráyè ka ìwé ìdánwò níbẹ̀, ohun tí mi ò lè rí ṣe ní iwájú.

Ohun tí kò dára ni pé bí iṣẹ́ rẹ bá dán, kò sí ẹni tó mọ̀ ọ́. Ọjọ́ tí o bá fi òdo kan kún iye owó ni gbogbo ilé yóò mọ orúkọ rẹ. Owó ibẹ̀ kéré sí ti iwájú gan-an. Èyí tó sì burú jù ni pé ibẹ̀ ni iléeṣẹ́ máa ń kọ́kọ́ wò tí wọ́n bá fẹ́ dín ìnáwó kù: wọ́n á kó iṣẹ́ náà lọ sí orílẹ̀-èdè tí owó òṣìṣẹ́ ti kéré, tàbí kí wọ́n gbé e fún kọ̀ǹpútà. Ẹni tó bá fẹ́ pẹ́ lẹ́yìn ilé gbọ́dọ̀ di ẹni tó ń tún ọ̀nà iṣẹ́ ṣe, kó má jẹ́ ẹni tó kàn ń tẹ bọ́tìnì.

Àárín ilé: àwọn tó ń sọ pé rárá

Ibí ni mo wà báyìí, nítorí náà ẹ foríjì mí bí mo bá ṣe ojúsàájú.

Báǹkì Barings ti wà láti ọdún 1762. Ní ọdún 1995, òṣìṣẹ́ rẹ̀ kan ní Singapore, Nick Leeson, fi 827 mílíọ̀nù pọ́n-ún ṣòfò, báǹkì náà sì wó. Pọ́n-ún kan ṣoṣo ni ING, iléeṣẹ́ ìṣúná mìíràn, fi rà á. Báwo ló ṣe ṣeé ṣe? Leeson ló ń ra tó ń tà, òun náà ni wọ́n tún fi ṣe olórí àwọn tó ń ṣe àkọsílẹ̀ ohun tó rà àti ohun tó tà. Bí ó bá pàdánù, á tọ́jú rẹ̀ sínú àkáǹtì kan tí ẹnikẹ́ni ò wò. Ọ̀bẹ kì í mú títí kó gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Nítorí irú ìyẹn ni ẹ̀ka ìbójútó ewu, compliance (àwọn tó ń rí i pé ilé tẹ̀lé òfin) àti àwọn olùyẹ̀wé-owó-wò inú ilé fi lágbára tó báyìí.

Iṣẹ́ náà dùn fún ẹni tó bá fẹ́ mọ bí gbogbo ilé ṣe ń ṣiṣẹ́, nítorí ìwé gbogbo ẹ̀ka ló ń gba iwájú rẹ kọjá. Àmọ́ ojoojúmọ́ ni wàá máa sọ "kò ṣeé ṣe" fún ẹni tí owó tó ń gbà ju tìrẹ lọ ní ìlọ́po púpọ̀. Yóò pè ọ́ ní ẹni tó ń dínà owó. Yóò pe ọ̀gá rẹ. Bí ọ̀gá rẹ bá gbè ọ́, ibẹ̀ dùn. Bí ó bá jẹ́ ẹni tó máa ń yẹ̀ lábẹ́ ìbínú àwọn ará iwájú, wá ọ̀nà mìíràn kíákíá, nítorí ọjọ́ tí nǹkan bá bàjẹ́, orúkọ rẹ ni wọn yóò bá nídìí ìwé.

Àǹfààní kan wà tó pa mí lẹ́rìn-ín. Ní ọdún 2008, báǹkì Société Générale ní ilẹ̀ Faransé pàdánù bílíọ̀nù mẹ́rin àti 900 mílíọ̀nù owó Yúrò nítorí òwò tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ kan, Jérôme Kerviel, ń ṣe ní ìkọ̀kọ̀. Ó mọ bí wọ́n ṣe ń yẹ̀wé wò, nítorí àárín ilé ló ti kọ́kọ́ ṣiṣẹ́. Kì í sì í fẹ́ lọ fún ìsinmi, kí ẹlòmíràn má baà wo ìwé rẹ̀. Nítorí irú èyí, ọ̀pọ̀ báǹkì ló ń fi dandan lé e pé kí òṣìṣẹ́ tó bá wà nípò ẹlẹgẹ́ sinmi fún ọ̀sẹ̀ méjì tó tẹ̀lé ara wọn lọ́dọọdún, kó má fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà ilé iṣẹ́ rárá. Ìgbà àkọ́kọ́ tí wọ́n ti ọ̀nà àbáwọlé mi pa, mo rò pé wọ́n ti lé mi ni. Ní báyìí, mo ti ń ka ọjọ́ dè é.

Àwọn tó ń ṣe sọ́fúwia

Bí o bá mọ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà, wàá bá oríṣi méjì níbẹ̀. Àwọn kan jókòó ti àwọn tó ń ra tí wọ́n ń tà lójú ọjà, wọ́n ń kọ ohun tí àwọn yẹn fẹ́ lò lọ́la. Àwọn tó kù ń tọ́jú ẹ̀rọ àtijọ́, nínú èyí tí COBOL, èdè kọ̀ǹpútà tó ti wà láti ọdún 1959, ṣì ń gbé owó ènìyàn káàkiri. Àtúnṣe ìlà kan ṣoṣo lè nílò ìbuwọ́lù ènìyàn mẹ́rin. Bí ọdún bá ń parí, wọ́n á ní kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan ohunkóhun. Ẹni tó ti iléeṣẹ́ kékeré wá, tó ti mọ́ lára láti kọ ọ́ láàárọ̀ kó sì gbé e jáde lọ́sàn-án, àyà rẹ̀ á fẹ́rẹ̀ẹ́ bẹ́. Ẹni tó bá ní sùúrù yóò kọ́ bí a ṣe ń tún ọkọ̀ ṣe láìpa iná rẹ̀.

Owó

Wo bí ó ṣe rí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn:

| | Iwájú ilé | Àárín ilé | Ẹ̀yìn ilé |
|---|---|---|---|
| Ibi tí owó wà | Bónọ́ọ̀sì lè ju owó oṣù lọ | Owó oṣù, bónọ́ọ̀sì díẹ̀ | Owó oṣù ni púpọ̀ jù |
| Àkókò | Kò ní ààlà fún agbaninímọ̀ràn | Dọ́gba, àfi tí àwọn olùyẹ̀wò ìjọba bá dé | Dọ́gba, àfi òpin oṣù |
| Ohun tó ń lé ènìyàn jáde | Oṣù méjì tí kò sí oníbàárà | Ìjà pẹ̀lú iwájú ilé | Ẹ̀rọ àti ìkónilọ |
| Ẹni tó bá a mu | Ẹni tí àìdánilójú kì í bà lẹ́rù | Ẹni tí kì í yẹ̀ | Ẹni tó fẹ́ràn kí nǹkan gún |

Má jẹ̀ẹ́ kí ọ̀rọ̀ bónọ́ọ̀sì tàn ọ́. Bí ó bá ti pọ̀, wọn kì í kó o fún ọ lẹ́ẹ̀kan náà. Wọ́n á fi apá kan rẹ̀ ṣe ìpín iléeṣẹ́ náà, wọ́n á máa fún ọ díẹ̀díẹ̀ láàárín ọdún mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí o bá fiṣẹ́ sílẹ̀ kí ọdún náà tó pé, èyí tó kù lè bọ́ mọ́ ọ lọ́wọ́. Bí wọ́n bá sì rí ìwà àìdáa lẹ́yìn ọdún kan, wọ́n lè gba èyí tí o ti gbà padà. Okùn wúrà ni, okùn náà ni. Òfin pàápàá dá sí i: láti ọdún 2014, àwọn orílẹ̀-èdè European Union kò gbà kí bónọ́ọ̀sì àwọn tó wà nípò ewu ní báǹkì ju owó oṣù wọn ọdún kan lọ, àfi tí àwọn onípìn-ín bá fọwọ́ sí i pé kó tó ìlọ́po méjì. Ìlú Gẹ̀ẹ́sì fagi lé òfin yìí ní oṣù kẹwàá ọdún 2023. Nítorí náà, báǹkì kan náà lè san owó fún iṣẹ́ kan náà ní ọ̀nà méjì, bí ilé rẹ̀ méjì bá wà ní orílẹ̀-èdè méjì.

Àwọn ará ẹ̀yìn ilé kì í rí irú owó yẹn, ṣùgbọ́n wọ́n mọ iye tí yóò wọlé lóṣù mẹ́fà sí i. Owó ìfẹ̀yìntì, ìtọ́jú ìlera, owó ìdánwò bíi CFA, ti àwọn onímọ̀ ìdókòwò, tó ní ìpele mẹ́ta, iléeṣẹ́ ńlá sábà máa ń bá òṣìṣẹ́ dá sí i láìka ibi tó jókòó sí. Ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í ka èyí mọ́ owó. Kà á mọ́ ọn.

Ohun tí gbogbo ẹ̀ka jọ ń jẹ

Níbikíbi tí o bá jókòó sí, ayé rẹ kì í ṣe tìrẹ nìkan mọ́. Bí o bá fẹ́ fi owó ara rẹ ra ìpín, o lè ní láti kọ́kọ́ tọrọ àyè. Wọ́n lè fẹ́ mọ ìdókòwò ẹni tí ẹ jọ ń gbélé. Ẹ̀bùn tí oníbàárà bá fún ọ, wàá kọ ọ́ sínú ìwé. Ọ̀rọ̀ iṣẹ́ lórí WhatsApp lè lé ọ lọ́nà iṣẹ́: ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2022, àwọn aláṣẹ Amẹ́ríkà bu owó ìtanràn tó lé ní bílíọ̀nù kan àti ẹgbẹ̀rin mílíọ̀nù dọ́là lé àwọn báǹkì ńlá lórí, nítorí pé àwọn òṣìṣẹ́ ń sọ̀rọ̀ iṣẹ́ lórí fóònù ara wọn láìsí àkọsílẹ̀. Ẹni tí èyí bá dà bí ẹ̀wọ̀n lójú rẹ̀, iléeṣẹ́ kékeré ò ní fi bẹ́ẹ̀ sàn jù, nítorí òfin kan náà ló mú wọn.

Ṣé iléeṣẹ́ ńlá fọkàn ẹni balẹ̀ ju kékeré lọ? Báǹkì Lehman Brothers pé ọdún 158 ní ọdún 2008 tó wó. Báǹkì Credit Suisse ti wà láti 1856 kí báǹkì UBS tó gbà á ní ọdún 2023. Ohun tí títóbi ń fún ọ ni orúkọ tí ẹni mìíràn mọ̀ nígbà tí o bá ń wá iṣẹ́ mìíràn, àti àyè láti ṣí kúrò ní ẹ̀ka kan sí òmíràn láìfi ilé náà sílẹ̀. Èmi jẹ àǹfààní kejì yìí. Bí mo bá wà ní iléeṣẹ́ kékeré, ẹ̀yìn ilé ni mo ṣì lè wà.

Kí o tó fọwọ́ sí ìwé

Nínú ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, àwọn náà mọ èsì "àṣà iléeṣẹ́ yín ń kọ́?" lórí. Béèrè ohun tí kò ní èsì àkọ́sórí. Aago mélòó ni ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ yìí kúrò níbí ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá? Ẹni tó wà ní ipò yìí tẹ́lẹ̀ dà? Bí wọ́n bá ní wọ́n gbé e ga, béèrè ibi tó wà báyìí nínú ilé náà. Bí wọ́n bá ní ó lọ, béèrè bó ṣe pẹ́ tó níbẹ̀. Ní ti àárín ilé, sọ pé kí wọ́n sọ ìgbà kan fún ọ tí ẹ̀ka náà sọ pé rárá tí rárá náà sì dúró. Wo ojú ọ̀gá náà bí ó ti ń ronú. Mo béèrè èyí nígbà kan, ọ̀gá náà dákẹ́ títí, ó wo ẹnìkejì rẹ̀, ó sì ní kí a lọ sórí ìbéèrè mìíràn. Mi ò gba iṣẹ́ yẹn.